Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ìbéèrè bíbi niṣẹ́ mi. Wọ́n ń sanwó oṣù fún mi kí n lè kan ilẹ̀kùn ẹni tí mi ò mọ̀ rí, kí n kí i dáadáa, kí n jókòó sórí àga tó bá fi lọ̀ mí, kí n sì bi í bóyá ìbọn wà nínú ilé rẹ̀. Mo ti bi adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ti bi obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ kan lọ aṣọ, tó fi èkejì gbé ọmọ. Mo ti bi ọkùnrin kan tó ní òun ò ní dá mi lóhùn, tó sì wá fi wákàtí méjì gbáko sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni mi ò lè bi, bàbá tó bí mi lọ́mọ ni.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìbọn wà nílé rẹ̀. Aṣọ́gbó ni bàbá mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ igbó ìjọba, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó gba ìwé àṣẹ, ó ra ìbọn gígùn kan tirẹ̀, ó ní èjìká òun ò mọ bó ṣe máa ń wà lófìfo. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ń gbé e sí, láàárín aṣọ màmá mi. Màmá mi a máa ráhùn pé gbogbo aṣọ òun ń rùn bí epo tí wọ́n fi ń nu ìbọn. Màmá mi ti kú báyìí, ó pé oṣù mẹ́jọ. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀, bàbá mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ó ti rù. Ó ti pa rédíò tì, rédíò tí òun àti màmá mi máa ń torí ẹ̀ jà láràárọ̀, torí pé ìròyìn lòun fẹ́ gbọ́, orin ni màmá mi fẹ́. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà, ó ní kí lòun ṣì ń wo aago fún. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, wọ́n ti kọ́ wa láwọn àmì tó yẹ ká máa wò lára èèyàn. Mo mọ gbogbo wọn lórí. Síbẹ̀, tí mo bá lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé, abọ́ tí ò dọ̀tí ni màá máa fọ̀, màá wá ní, "Orúnkún yín ńkọ́, Bàbá?" Á ní, "Orúnkún wà." Màá gbé báàgì mi, màá máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láì fi bò: ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀nà lọ bá màmá mi. Lákòókò yẹn, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tiẹ̀ lè sọ ọ́ fún ara mi.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ìyá Oníṣirò là ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló ń ka ìwé àwọn tí ìbọn bà. Ó máa ń sọ fún wa pé gbogbo ayé rò pé adigunjalè nìkan ni ìbọn wà fún, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí òun kà nílùú wa yìí, àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó dá wà nínú yàrá tiwọn, tí ìbànújẹ́ bá nílé lọ́jọ́ tí ìbọn wà nítòsí. Ó ní ìbànújẹ́ a máa kọjá lọ, tí ìbọn bá ti wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìbànújẹ́ á rí àyè kọjá. Ohun tó fẹ́ fi han ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin nìyẹn. Wọ́n fẹ́ ra àpótí irin tó ní àgádágodo, wọ́n fẹ́ fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ilé tí wọ́n máa gbé e lọ ni wọn ò tíì mọ̀. Àwa la máa lọ bi ẹgbẹ̀rún ilé, ká lè mọ ẹni tó nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó wọlé pẹ̀lú ìwé ẹyọ kan péré lọ́wọ́. Ó dúró síwájú tábìlì wa.

"Àwọn àgbàlagbà tó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin, mélòó la ti bi?"

Mo ní, "Méjìdínlógóje ni, mà."

"Mélòó nínú wọn ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè kẹtàdínlógún?"

Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni èyí tó ń béèrè bóyá ó ti ṣe ẹni náà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, bíi pé kó má sí láyé mọ́.

"Kò sí ẹyọ kan," ni Ìyá Oníṣirò wí. "Nínú méjìdínlógóje. Àwọn opó wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn wà níbẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò pè é láti ọdún tó kọjá wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, àdúgbò wo nìyẹn? Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi kí n kó lọ síbẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí, tá a máa ń pè ní Jẹ́jẹ́ torí bó ṣe máa ń rìn, ní, "Bóyá Ọlọ́run ló ń kẹ́ wọn, mà."

Ìyá Oníṣirò wò ó títí tó fi wolẹ̀. Ó wá sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ti rí iye yẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ò níṣòro, kí wọ́n yọ ilé tiwọn kúrò nínú ètò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí wọ́n máa dìbò.

Ó fa àga kan síta, ó jókòó, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi ni bàbá arúgbó. Jẹ́jẹ́, wá bi mí."

Jẹ́jẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó bi í ní ìbéèrè kìíní títí dé ìkẹrìndínlógún láì kọsẹ̀, bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. Nígbà tó dé ìkẹtàdínlógún, ó wúkọ́, ó wojú fèrèsé, ó ní, "Ara yín ṣáà le, àbí, bàbá?" Ó sì fi àmì sí rárá.

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Mà, ta ló máa lajú sílẹ̀ bi àgbàlagbà pé ṣé ayé ti sú u?" Ojú ti ń ti Jẹ́jẹ́. "Wọ́n á ní ta ló tọ́ mi dàgbà? Ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe o."

Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa tá à ń jáde lọ bi èèyàn, inú sì bí mi sí ọmọ yẹn. Mo la ẹnu pé kí n bá a wí, kí n sọ fún un pé ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Èmi náà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tèmi. Mi ò bi ẹyọ kan nínú wọn. Rárá ni mo fi àmì sí, mo sì bọ́ sórí ìkejìdínlógún." Ohun tí mi ò sọ ni pé, nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ojú bàbá mi ni mò ń rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn tó kù náà ń jẹ́wọ́. Bí ẹni pé a ti fìmọ̀ ṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́ rí.

Ká ní Ìyá Oníṣirò pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ńṣe ló bọ́ awò ojú rẹ̀, tó sì ń fi etí aṣọ nù ún. Ó ní, "Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn. A kàn pa wọ́n tì ni."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé iye yẹn ò ṣeé gbára lé, pé ẹ̀bi òun ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró de òun. Ó ní a máa padà sí gbogbo ilé yẹn. Ṣùgbọ́n ká tó lọ, kí kálukú kọ́kọ́ lọ fi àgbàlagbà kan tí kò lè purọ́ fún dánra wò. Òfin iṣẹ́ wa ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ bi ẹbí rẹ̀, torí ẹbí kì í dáhùn bí àjèjì. Ó ní ti ìdánrawò yàtọ̀, a ò ní kà á mọ́ ọn. "Ẹ ní bàbá, ẹ ní ìyá. Ẹ lọ bi wọ́n. Kí kálukú sì gbé àpótí kan dání lọ." Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a sin màmá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpótí náà kọ́ èjìká. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wúwo. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì bi mí bóyá irinṣẹ́ olórin ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ díẹ̀ fún wọn. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí, irọ́ sì kọ́ nìyẹn.

Mo gbé àpótí náà sílẹ̀ síta, mo kan ilẹ̀kùn bá a ṣe máa ń kàn án lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà mẹ́ta.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Àwọn tó ń béèrè ìbéèrè kiri àdúgbò ló rán mi wá."

Ó ní, "A ò ra nǹkan kan."

Mo rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn, mo rí i pé òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀gá mi ló ní kí n lọ fi àgbàlagbà kan dánra wò. "Ìyá Ìbéèrè," ló ní, "o tún ti dé." Òun ló fún mi lórúkọ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí mo bi í pé kí ló dé tí igi kì í jókòó. Ó ní òun ṣì ń wá ìdáhùn.

A jókòó sídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé. Àga màmá mi wà níbẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀ ṣì tẹ̀ láàárín.

"Ìbéèrè kìíní. Èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?"

Ó wo àga náà. "Ẹyọ kan."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo bi í níṣẹ́ tó ṣe. Mo bi í bóyá ó ń sùn dáadáa. Ó ní, "Èmi ń dùbúlẹ̀ ní tèmi. Oorun ni kì í wá." Mo bi í bóyá oúnjẹ ń wọlé. Ó ní òun ń jẹ búrẹ́dì. Báyìí la ṣe ń lọ títí mo fi dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì.

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá mi ń dúró. Mo wúkọ́. Mo wojú fèrèsé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀, ó fi àmì sí rárá.

"Kí lo fi àmì sí yẹn?"

Mo ti gbàgbé pé ojú aṣọ́gbó ni bàbá mi ní. Ẹni tó bá ti ń rí ẹranko láàárín ewé, ṣé pẹ́ńsùlù ni kò ní rí?

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Èyí ò kàn yín."

"O ò tíì bi mí, o ti mọ̀ pé kò kàn mí?" Ó na ìka sí ìwé náà. "Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìwọ abèèrè lo wá ń ṣìnà nínú ilé bàbá rẹ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ti àwọn àgbàlagbà méjìdínlógóje, mo sọ ti Jẹ́jẹ́, mo sọ ti aṣòfin tí inú rẹ̀ ń dùn, mo sọ ti mọ́kànlélọ́gbọ̀n tèmi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá mi lẹ́nu.

"Kò sẹ́ni tó bi ẹyọ kan nínú wọn?"

"Kò sí, sà."

"Ìwọ náà ò bi?"

"Mi ò bi, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Pa èyí tó o kọ yẹn rẹ́."

Mo fi rọ́bà ìdí pẹ́ńsùlù pa á rẹ́. Mo pa á títí ìwé náà fi fẹ́ ya.

"Ó yá, bi mí."

Mo wò ó lójú, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní, "Bàbá mi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá yìí, ṣé ó ti ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ má sí láyé mọ́?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n ti kọ́ wa lóhun tó yẹ ká ṣe tá a bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ká má kígbe, ká má wàásù, ká má sọ pé "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Gbogbo ẹ̀kọ́ náà fò lọ lórí mi, ẹyọ kan ló kù, pé ká má dìde. Mi ò dìde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì, ọwọ́ ńlá tó le koko, mo sì jẹ́ kí omijé mi máa dà.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde." Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Oṣù mẹ́jọ. Gbogbo Sátidé lò ń wá, tó ò ń bi mí léèrè orúnkún. Mò ń retí ìgbà tó o máa kúrò lórí orúnkún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe lè rò lọ. Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá bi yín, èmi ni màá fi sí yín lọ́kàn."

"Ó ti wà níbẹ̀ kó o tó dé, ọmọ mi. Èmi nìkan ló kàn ń bá a ṣe." Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. "Gbé e wá. Ẹ̀yin ò ṣeé fọkàn tán." Ó sì fúnra rẹ̀ fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni, àmì gàdàgbà kan tó jáde kúrò nínú àpótí kékeré tí wọ́n yà síbẹ̀. Àwa méjèèjì wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, a ò mọ èyí tá ò bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún.

Ìbéèrè kejìdínlógún ni pé ṣé ìbọn wà nínú ilé, ibo ló wà, ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró kí n kà á tán. Ó dìde, ó lọ sí yàrá, mo tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Òórùn màmá mi jáde sí wa, tòun ti epo ìbọn tó máa ń torí ẹ̀ ráhùn. Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún aṣọ sápá kan, ó gbé ìbọn náà jáde, ó yọ ọta inú rẹ̀ síta, ó fi hàn mí pé ó ti ṣófo. Mo lọ gbé àpótí tí mo fi sílẹ̀ síta wọlé. Ó wò ó. "O mọ̀ pé o máa nílò rẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó tẹ́ ìbọn náà sínú rẹ̀, ó tì í, ó di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, tó sì pa ìka mi dé lé e. "Tí mo bá tiẹ̀ bẹ̀ ọ́, má fún mi."

Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tó fi dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ọ́fíìsì. Òun àti bàbá mi jókòó pẹ́, wọ́n fi ọjọ́ tó máa lọ rí dókítà sí, bàbá mi sì gbà pé kí wọ́n gbé àpótí náà lọ sí yàrá irin níbi iṣẹ́ wa títí ara rẹ̀ á fi yá. Ó gba ìwé pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀wé.

Ẹ óò fẹ́ mọ ti àwọn yòókù. A padà sí gbogbo ilé yẹn, a bi wọ́n. Mọ́kàndínlógún nínú méjìdínlógóje ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Jẹ́jẹ́ lo wákàtí mẹ́rin nínú ilé ìyá àgbà kan, ó jáde pẹ̀lú ojú tó ti wú. Ìyá Oníṣirò gbé mọ́kàndínlógún náà lọ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n dìbò, ibò kan péré la fi borí, àpótí sì ń wọ ilé àwọn àgbàlagbà báyìí. Bàbá mi ò sí nínú mọ́kàndínlógún yẹn. A kì í ka ti ìdánrawò mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yẹn, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti lọ, mo fọ ife tíì tá a fi ṣàlejò rẹ̀, mo nu ọwọ́, mo gbé báàgì mi. Mo ní màá padà wá lọ́la. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí bàbá mi pè mí.

"Ìyá Ìbéèrè. Ìwọ ńkọ́?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Ìyá rẹ náà ló kú. Kì í ṣe ìyàwó mi nìkan. Ta ló ti bi ọ́?"

Mo wá ẹni tí màá dárúkọ, mi ò rí ẹnì kankan. Nínú oṣù mẹ́jọ, mo ti bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn bí ọkàn wọn ṣe rí. Balùwẹ̀ ni mo ti máa ń sunkún nílé, pẹ̀lú omi tó ń dà, káwọn ọmọ mi má baà gbọ́.

Bàbá mi fa àga màmá mi síta. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó sí i láti ọjọ́ tí màmá mi ti kú. Ó fi ọwọ́ gbọn ìrọ̀rí rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù mìíràn nínú báàgì mi láì tọrọ, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù náà, ó sì wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú.

"Jókòó," ló wí. "Ìbéèrè kìíní. Èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé rẹ? Má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi o, títí dé ìkẹtàdínlógún la ń lọ."

Mo jókòó sórí àga màmá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.